Igi Òkè Mambilla àti Iná Tí À Ń Retí ní Súrùlérè

Ẹ̀yin káfíńtà Múṣìn, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ òní kọ́kọ́ kàn, torí ọ̀dọ̀ yín ni ìbéèrè ti wá.

Bàbá káfíńtà kan ló pè wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní ó pẹ́ tí àwọn ti ń fi pákó páléètì kan bẹ́ẹ̀dì, tí àwọn ń fi kan ṣẹ́ẹ̀fù, pákó funfun tí wọ́n ń kó wá láti Àpápá lẹ́yìn tí wọ́n bá ti já ẹrù orí rẹ̀ tán. Wọ́n ní pákó náà fúyẹ́, ìṣó ń wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ayùn bá sì ti kàn án báyìí, òórùn tapẹntáìnì á gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Bàbá wá ní: irú igi wo gan-an rèé? Kí ló dé tí kò sí nínú igbó tiwa, pẹ̀lú gbogbo igi tí Ọlọ́run fi jíǹkí wa?

Ìdáhùn rẹ̀ yóò gbé wa láti Múṣìn dé ààlà Kamẹrúùnù. Ẹ fara balẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti ara pákó náà bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá yí páléètì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ó rí òǹtẹ̀ kan lára rẹ̀: àwòrán ṣírí ọkà, lẹ́tà méjì tó dúró fún orílẹ̀-èdè tó ti wá, lẹ́yìn náà HT tàbí MB. DE ni Jámánì, CN ni Ṣáínà. HT ń sọ fún yín pé ooru ni wọ́n fi pa kòkòrò inú igi náà. Òfin àgbáyé ní inú igi látòkè délẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná dé dígíríì 56, kó sì wà bẹ́ẹ̀ fún 30 ìṣẹ́jú. MB ní tiẹ̀, gáàsì olóró ni wọ́n fín sí i. Bàbá wa, ẹ jọ̀ọ́, èyí tó bá ní MB lára, ẹ má fi kan bẹ́ẹ̀dì ọmọdé, kí ẹnikẹ́ni má sì fi dáná.

Igi tó wà nínú pákó yẹn, lọ́pọ̀ ìgbà, páìnì ni tàbí ìbátan rẹ̀. Ìdílé igi àtijọ́ kan ni wọ́n, wọn kì í yọ òdòdó, wọn kì í so èso bíi máńgòrò tàbí àgbálùmọ̀. Inú kókó líle kan tó ní ìpẹ́ lára ni irúgbìn wọn máa ń wà, ní ìhòòhò, láìsí ẹran èso tó bò ó. Ewé ọ̀pọ̀ wọn sì tín-ín-rín, ó ṣe ṣóńṣó. Ká má baà máa lọ́ ọ̀rọ̀ lọ́rùn, ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní eléwé abẹ́rẹ́ lónìí, ká pe ìrókò, arère, àfàrà, apá àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní eléwé fífẹ̀.

Tí ẹ bá ti dé Oko Bàbà ní Èbúté Mẹ́ta rí, níbi tí wọ́n ti máa ń so gẹdú pọ̀ fà gba ojú ọ̀sà wá láti ìhà Oǹdó àti Ògùn, igi inú ẹgàn wa tí ẹ bá nílẹ̀ níbẹ̀, eléwé fífẹ̀ ni gbogbo wọn pátá. Kò sí eléwé abẹ́rẹ́ kan tó ti inú ẹgàn ilẹ̀ Yorùbá jáde wá.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń wá fóònù rẹ̀ báyìí kó lè sọ fún mi pé páìnì wà létí òkun, èyí tó máa ń súfèé tí atẹ́gùn bá fẹ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró ná. Igi yẹn kì í ṣe páìnì. Kasuarínà ni, apá Ọsirélíà àti Éṣíà ni wọ́n ti gbé e wá, olódòdó sì ni. Ohun tí ẹ ń pè ní abẹ́rẹ́ lára rẹ̀, ẹ̀ka wẹ́wẹ́ ni. Ewé rẹ̀ gangan kéré débi pé ojú lásán kì í fẹ́ rí i. Igi gíga tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n gbìn yí fẹ́ǹsì ká ní Súrùlérè, èyí tí àwọn tó ń ta òdòdó ń pè ní masquerade, òun náà kọ́.

Èyí tó sún mọ́ páìnì nínú ohun tiwa, inú ọjà ló wà. Ẹ wọ ọjà Oyíngbò, ẹ béèrè ibi tí àwọn ìyá ti ń ta ewé afang, tí àwọn Ìgbò ń pè ní okazi. Ẹ wo bí ìyá náà ṣe ń ṣe é: á to ewé lé ara wọn, á ká wọn mọ́ra, á fi ọwọ́ òsì dì wọ́n mú gírí, ọ̀bẹ ọwọ́ ọ̀tún á wá máa ré e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ṣẹ̀ṣẹ̀ṣẹ̀, kò ní wo ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹnu rẹ̀ á sì máa ná ọjà lọ pẹ̀lú oníbàárà. Ewé náà fẹ̀ dáadáa, ó sì yi. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń ré e tín-ín-rín bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, nínú ìdílé oníhòòhò irúgbìn ló wà. Àwọn onímọ̀ tó ń yẹ DNA ewéko wò sọ pé ìbátan páìnì ni. Ẹni tó jẹ ọbẹ̀ afang ní búkà lánàá ti jẹ mọ̀lẹ́bí páléètì láìmọ̀.

Kí ló wá dé tí eléwé abẹ́rẹ́ fi sá fún igbó wa? Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ni, ọ̀rọ̀ gíga ilẹ̀ sì ni. Ìdílé wọn ti wà láyé láti nǹkan bí 300 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ẹ̀yìn wọn tipẹ́tipẹ́ ni àwọn olódòdó dé, àmọ́ nígbà tí wọ́n dé, wọ́n yára ju àgbà lọ. Wọ́n ń tètè ga, wọ́n ń tẹ́ ewé fífẹ̀ gba oòrùn, wọ́n sì ní ẹyẹ, oyin àti àdán tó ń bá wọn ṣiṣẹ́. Ní ilẹ̀ olóoru tó tẹ́jú, tí òjò pọ̀, wọ́n gba ilẹ̀ mọ́ àwọn àgbà lọ́wọ́. Eléwé abẹ́rẹ́ bá gba orí òkè lọ, bí àwọn Ẹ̀gbá ṣe sá lọ sábẹ́ Olúmọ ní 1830. Lórí òkè níbẹ̀, òtútù ń mú, ilẹ̀ ṣá, afẹ́fẹ́ le, ìwà àgbà wá di ohun èlò: ewé tóóró tí ìda bò, tí kì í tètè sọ omi nù, àti igi tí ihò omi inú rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí yìnyín kì í fi lè dí i pa.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ní Himalaya, ní Ṣáínà, ní Japan àti ní àwọn òkè Yúróòpù, igbó máa ń pín sí ìpele. Eléwé fífẹ̀ ló ni ìsàlẹ̀ òkè, eléwé abẹ́rẹ́ ló ni òkè téńté, wọ́n á wá dà pọ̀ mọ́ra wọn ní agbede méjì. Bí èèyàn bá gun òkè ní 1,000 mítà, ooru á lọ sílẹ̀ ní nǹkan bíi dígíríì 6. Bí Yábàá bá wà ní 30 lọ́sàn-án òní, òkè tó ga ní 2,000 mítà yóò wà ní bíi 18. Òkè Ìdànrè ńkọ́? Pẹ̀lú gbogbo iyì rẹ̀, kò wọ 1,000 mítà. Ilẹ̀ Yorùbá kò ní òkè tó ga tó fún irú igbó yìí.

Nàìjíríà ní. Àwa ará Èkó ni a kì í rántí.

Ní Ìpínlẹ̀ Taraba, létí ààlà Kamẹrúùnù, ilẹ̀ ga sókè lójijì. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ orí òkè Mambilla wà níbẹ̀, Gembu ni olú ìlú rẹ̀. Ẹni tó bá sùn síbẹ̀ nígbà ọyẹ́ láìní bùláńkẹ́ẹ̀tì, yóò ròyìn. Ní àríwá rẹ̀ ni àwọn òkè Gotel wà, nínú ọgbà Gashaka Gumti, ọgbà orílẹ̀-èdè tó tóbi jù ní Nàìjíríà, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1991. Chappal Waddi wà níbẹ̀, 2,419 mítà, òkè tó ga jù lọ ní gbogbo Nàìjíríà. Nínú igbó kùrukùru lórí àwọn òkè wọ̀nyí, láàárín àwọn eléwé fífẹ̀, ni eléwé abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tó jẹ́ ọmọ bíbí ilẹ̀ wa ń gbé.

Podocarpus ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Bí ẹ bá rí i, ẹ lè máà fura, torí kò ní abẹ́rẹ́ rárá. Ewé rẹ̀ gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó nípọn. Kò ní kókó líle tó ní ìpẹ́ pẹ̀lú. Irúgbìn rẹ̀ jókòó sórí ìdí pupa kan tó rọ̀, tí ẹyẹ fẹ́ràn. Ẹyẹ á gbé e mì, á fò lọ, á sì yàgbẹ́ irúgbìn náà síbòmíràn. Akọ ọ̀tọ̀, abo ọ̀tọ̀ ni igi yìí. Bí wọ́n bá gé gbogbo akọ ẹ̀gbẹ́ òkè kan tán, abo tó ṣẹ́kù níbẹ̀ di àgàn, bó ti wù kó tóbi tó. Ní South Africa, igi kan náà, tàbí àbúrò rẹ̀ tó jọ ọ́ gan-an (àwọn onímọ̀ ṣì ń fà á lọ́wọ́ ara wọn), ni wọ́n fi ṣe igi orílẹ̀-èdè. Tiwa wà lórí òkè níbẹ̀, kò sí lára owó, kò sí lára sítám̀pù.

Ohun kan tún wà tó pa mí lẹ́rìn-ín nínú ìtàn yìí. Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1960, òkè wọ̀nyẹn kì í ṣe tiwa. Jámánì ló kọ́kọ́ gbà wọ́n. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, lábẹ́ orúkọ Kamẹrúùnù ti Àríwá. Oṣù kejì ọdún 1961 ni àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní kí àwọn ará ibẹ̀ dìbò: ṣé Nàìjíríà ni tàbí Kamẹrúùnù? Wọ́n yan Nàìjíríà, wọ́n sì dara pọ̀ mọ́ wa ní June 1, 1961. Kamẹrúùnù ti Gúúsù dìbò tirẹ̀, ó gba ọ̀dọ̀ Kamẹrúùnù lọ. Béèyàn bá wò ó dáadáa, àpótí ìbò ló fún Nàìjíríà ní òkè tó ga jù lọ, àti podocarpus orí rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ rí irú igbó yìí níbi tó ti gbòòrò dáadáa, kó sọdá ààlà lọ sí òkè Oku ní Kamẹrúùnù, tó ga ju 3,000 mítà lọ. Kilum-Ijim ni wọ́n ń pe igbó ibẹ̀. Podocarpus wà níbẹ̀, ọparun òkè wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni igi kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Prunus africana. Ẹ̀yin bàbá wa tí ìtọ̀ kò dá geere mọ́, tí dókítà kọ oògùn fún, ó ṣeé ṣe kí èèpo igi yìí wà nínú rẹ̀. Yúróòpù ti ń ra èèpo náà tipẹ́tipẹ́, àwọn kan sì ń bó igi náà yíká títí tó fi kú, débi pé òfin àgbáyé ní láti dá sí òwò rẹ̀ láti 1995. Igi náà wà lórí Mambilla pẹ̀lú.

Oyin òkè Oku náà ṣàrà ọ̀tọ̀: funfun ni. Kì í ṣe pé wọ́n bu nǹkan mọ́ ọn; òdòdó igi orí òkè ni kòkòrò oyin ń mu níbẹ̀ tó fi rí bẹ́ẹ̀. Láti 2013 ni òfin ti dáàbò bo orúkọ rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé ní Áfíríkà, kí ẹnikẹ́ni má baà rọ oyin ibòmíràn sínú ìgò kó pè é ní Oku. Ẹyẹ kan tún wà níbẹ̀ tó yẹ kí Yorùbá kí bí ẹbí: ọmọ ìyá àgbè àti àlùkò ni, òṣùṣù orí rẹ̀ pupa, àwọn òkè apá Bamenda nìkan ló sì ń gbé nínú gbogbo ayé. Nítorí ẹyẹ yìí ni àwọn olùdáàbòbò ẹyẹ fi lọ bá àwọn ará Oku, Kom àti Nso láti 1987, tí wọ́n jọ pààlà igbó. Mo gbóríyìn fún wọn, torí wọn kò fi sójà pààlà náà. Wọ́n bá àwọn ọba àti àwọn àgbà jókòó.

Àwọn igi òkè yìí ti jáde síta rí o. Nígbà tí òtútù mú gbogbo ayé, ní nǹkan bí 20,000 ọdún sẹ́yìn, igi òkè sọ̀ kalẹ̀. Ìyẹ̀fun òdòdó igi ólífì orí òkè ni àwọn onímọ̀ wà jáde nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún Bosumtwi ní Gánà, nítòsí Kumasi, níbi tí irú igi bẹ́ẹ̀ kò lè hù lónìí. Nígbà tí ooru padà dé, wọ́n tún gòkè lọ. Ní báyìí tí ooru ayé ń pọ̀ sí i, ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé ibo ni èyí tó ti wà ní orí òkè pátápátá tún fẹ́ gùn sí.

Ẹ padà bá mi wá sí Mambilla, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa gan-an. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ lónìí, koríko ni yóò kọ́kọ́ rí, òkè lórí òkè, koríko lọ títí. Igbó ti sá sínú àfonífojì àti ẹ̀gbẹ́ òkè tó dagun. Lọ́dọọdún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n máa ń dáná sun koríko kí tuntun lè hù fún màlúù. Iná á jẹ etí igbó wọlé díẹ̀, màlúù á sì wọlé tẹ̀lé e, wọ́n á jẹ ọmọ igi. Mi ò ní dá àwọn darandaran nìkan lẹ́bi. Àwọn tó ń dáko ń gé, àwọn tó ń wá pákó ń gé. Ibi tí igbó ti kù dáadáa ni Ngel Nyaki, tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ láti 1969. Igi ńlá tó jẹ́ ẹbí ọ̀gànwó wà níbẹ̀, àwọn ìnàkí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní chimpanzee sì wà níbẹ̀, ẹ̀yà tó kéré níye jù nínú gbogbo chimpanzee Áfíríkà. Láti nǹkan bí 20 ọdún ni àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Canterbury ní New Zealand ti ń bá àwọn ará abúlé ibẹ̀ ṣiṣẹ́, wọ́n ń ka igi, wọ́n ń tọ́ ọmọ igi. New Zealand o! Ẹ wo bó ṣe jìn tó sí Gembu, kí ẹ tún wo bí Akọkà, níbi tí Yunifásítì Èkó wà, ṣe jìn tó.

Àwọn kan á ní ṣebí a lè gbin páìnì dípò. A ti gbìn ín. Ó wà ní Afaka lẹ́bàá Kàdúná, ó wà ní Jọ́ọ̀sì, ó dé Mambilla, irú èyí tó ti Amẹ́ríkà Àárín wá. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbìn ín ní Nàìjíríà, ó kọ̀, kò dàgbà. Páìnì kì í dá jẹun: olú kan wà nínú ilẹ̀ tó máa ń wé mọ́ gbòǹgbò rẹ̀, tó ń bá a fa oúnjẹ, olú náà kò sì sí nínú ilẹ̀ wa. Ìgbà tí wọ́n lọ bu ilẹ̀ níbi tí páìnì ti ń ṣe dáadáa, tí wọ́n dà á sí ìdí ọmọ igi, ló tó gbérí. Bébà ni wọ́n ń lé kiri nígbà yẹn, torí fọ́nrán igi eléwé abẹ́rẹ́ gùn, òun ló ń jẹ́ kí bébà yi. Ilé iṣẹ́ bébà Jebba, Iwopin àti Oku-Iboku ń retí rẹ̀. Ẹ̀yin onítẹ̀wé Ṣómólú àti Múṣìn mọ bí ìyẹn ṣe parí, ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó dọ́là ra bébà títí dòní. Páìnì tí a gbìn ní ìlà ìlà dára fún pákó. Kò sí ẹyẹ tó ń wá ìdí pupa lórí rẹ̀, kò sì sí oyin funfun níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ọ̀rọ̀ iná. Bí ẹ bá dárúkọ Mambilla fún ará Súrùlérè, tíì lè wá sí ọkàn rẹ̀, torí Kakara tó wà níbẹ̀ ni wọ́n ti ń gbin ewé tíì. Àmọ́ ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ ni iná. Láti àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ìdídò sórí odò Donga. Mẹ́gáwáàtì 3,050 ni wọ́n ní yóò mú wá. Kainji, tó ń gbé wa láti òpin àwọn ọdún 1960, 760 ni wọ́n kọ́ ọ sí. Ẹ ṣírò rẹ̀, Kainji mẹ́rin ni. Ní 2017 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí bílíọ̀nù 5.8 dọ́là fún iṣẹ́ náà. Ẹjọ́ ti wáyé, àríyànjiyàn kọ́ńtíráàtì ti wáyé, jẹnẹrétọ̀ ṣì ń ké ní àdúgbò yín.

Gbogbo ìgbà tí mo bá gbọ́ ìròyìn ìdídò náà, owó ni wọ́n ń sọ, kọ́ńtíráàtì, ẹni tó gbà á, ẹni tí wọn kò fún. N kò tíì gbọ́ kí mínísítà kan dárúkọ igi. Bẹ́ẹ̀, láti orí òkè yẹn ni omi Donga ti ń ṣẹ̀. Igbó òkè máa ń di ìkùukùu mú, ewé rẹ̀ á máa kán omi sílẹ̀ àní lọ́jọ́ tí òjò kò rọ̀. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ tó rọ̀ á fa omi mu, á wá máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sínú odò ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn. Níbi tí igbó ti lọ tí iná ti jó koríko, òjò kan ṣoṣo á gbá ilẹ̀ pupa wọ odò, odò á kún lóru, á fà ní ìyálẹ̀ta, yẹ̀ẹ̀pẹ̀ á sì lọ jókòó síbi tó yẹ kí omi jókòó. Ẹ lọ wo ọ̀nà omi èyíkéyìí ní Múṣìn lẹ́yìn òjò, ẹ ó rí ohun tí yẹ̀ẹ̀pẹ̀ ń ṣe.

Kí wọ́n tó da sìmẹ́ńtì àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn aṣòfin wa tó ń lọ Àbújá béèrè iye tó wà nínú bílíọ̀nù 5.8 yẹn fún igbó tí omi ti ń wá. Ẹ̀yin tí ẹ ní nọ́ńbà wọn, ẹ tẹ̀ wọ́n láago. Wọ́n kúkú máa ń pè yín nígbà ìbò.

Fóònù wa ti ṣí sílẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá ti dé Gembu rí, ìbáà ṣe NYSC ló gbé e débẹ̀ tàbí òwò, òun ni mo fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́.